Wọ́n Fa Ẹ̀gẹ́ Ìdíátù Tu Láìyẹ̀ Ẹ́ Wò

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ bó ṣe máa ń dùn mọ́ni láti yọ sí oko ẹni ní òwúrọ̀, kí ewé tutù yọ̀yọ̀, kí èèyàn mọ̀ pé iṣẹ́ òun kò já sófo. Ohun tí Ìdíátù ń retí nìyẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan tó gbé ọkọ́ lé èjìká, tó gba ọ̀nà oko rẹ̀ lẹ́yìn ìlú Simawa. Obìnrin tó lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ni. Lìádì télọ̀ ni ọkọ rẹ̀.

Kó tó débẹ̀ ló ti ń gbóòórùn èéfín.

Nígbà tó yọ sí oko, ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó ti pé oṣù mẹ́jọ, tó ga ju orí ọkùnrin lọ, ni wọ́n ti fà tu, tí wọ́n kó jọ ní òkìtì. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin oko náà ti di gbalasa. Níyì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ àgbẹ̀ àdúgbò, ń fi àdá gé èyí tó kù. Akínbọ́lá ń kó ewé gbígbẹ sídìí òkìtì náà, iná sì ti ń jó díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá Oyèkọ́lá, alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wọn, dúró lórí ebè, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ̀yin Bàbá! Kí lẹ ń ṣe lóko mi?"

"Ìyá Kareemat, rọra," ni Bàbá Oyèkọ́lá wí. "Ẹ̀gẹ́ rẹ ti kó àrùn. Ṣé o kò rí bí ewé rẹ̀ ṣe wé, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni? Bí a bá fi í sílẹ̀, á ràn mọ́ ti gbogbo wa. Ẹgbẹ́ ti fẹnu kò lánàá pé ká fà á tu."

"Ẹgbẹ́ wo? Ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ni? Ta ló pè mí sí ìpàdé?"

Alága juwọ́ sí Níyì pé kó máa gé e lọ.

"Mo ní ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ló sọ fún yín pé àrùn ni?"

"Ojú wa ló sọ fún wa," ni alága dáhùn. "Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń gbin ẹ̀gẹ́. Ṣé ìwọ tí wọ́n bí sídìí òwò obì ní Ìjókù ló fẹ́ kọ́ mi bí àrùn ẹ̀gẹ́ ṣe ń rí?"

Inú ti bí Ìdíátù rí, ṣùgbọ́n kò bí i tó báyìí rí. Ó gun orí òkìtì náà, ó fi bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ iná pa títí bàtà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ó dúró sórí rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí.

"Ó yá, ẹ ṣáná sí i! Inú oko yìí lọmọ mi ti ń jẹun. Bí ẹ bá máa sun ún, èmi lẹ máa kọ́kọ́ sun!"

Níyì rọra sọ àdá rẹ̀ kalẹ̀. Akínbọ́lá ń wojú alága. Bàbá Oyèkọ́lá pòṣé, ó ní kí wọ́n máa lọ.

"Ṣùgbọ́n gbọ́ o," ló wí bó ṣe ń lọ. "Kó tó di Sátidé, òkìtì yìí gbọ́dọ̀ ti jóná. Sátidé la máa pín igi ẹ̀gẹ́ fún ẹgbẹ́ láti oko mi. N kò fẹ́ kí àrùn tìrẹ kó bá a."

Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Oko Bàbá Oyèkọ́lá ló máa ń dúdú jù, tó máa ń dán jù, torí náà inú rẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ ti ń gé igi tí wọ́n ń gbìn. Ìdíátù kò tíì wọ ẹgbẹ́ nígbà tí wọ́n pín in kẹ́yìn, ó ra tirẹ̀ níbòmíràn.

Ìdíátù já ewé díẹ̀ lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fà tu, ó dì í sínú gèlè, ó gba ilé lọ. Ó bá ọkọ rẹ̀ nídìí máṣíìnì, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Lìádì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì.

"Ìyá Kareemat, jẹ́ ká fi sùúrù ṣe é. Alága ni. Àlejò la sì jẹ́ níbí, ṣe ni wọ́n fún wa nílẹ̀ dáko."

"Sùúrù? Bàbá Kareemat, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ro oko yẹn! Ẹ̀yìn mi kò tíì yé dùn mí! Tí àrùn bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọwọ́ ara mi ni mo máa fi fà á tu. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí! Ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan hàn mí!"

Lìádì kò bínú sí i. Òun náà mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mò ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn agíríkì ìjọba ní Ṣàgámù. Tí wọn kò bá dá mi lóhùn, n kò ní kúrò níbẹ̀."

Ọ̀kadà ló gbé e débẹ̀. Nínú ọ́fíìsì, ó bá ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣìkẹ́mi, òun ló ń rí sí àrùn ohun ọ̀gbìn ní agbègbè náà. Ìdíátù kò jókòó. Ó tú gèlè rẹ̀, ó da ewé ẹ̀gẹ́ sórí tábìlì, sórí ìwé tí ọmọbìnrin náà ń kọ lọ́wọ́.

"Ṣé àrùn nìyí, àbí kì í ṣe àrùn?"

Ṣìkẹ́mi gbé ewé kan, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Mà, ó lè jẹ́ àrùn, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó ń mú ewé ẹ̀gẹ́ wé pọ̀. Kòkòrò wà níbẹ̀, oògùn tí wọ́n fín wà níbẹ̀, ilẹ̀ tó ti gbó náà wà níbẹ̀. Ojú lásán kò tó, àfi ká yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí lẹ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ojú ọmọbìnrin náà lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù kan ní kọ̀rọ̀.

"Irinṣẹ́ kan wà, mà. Kò ju ìka ọwọ́ lọ. Inú oko gan-an la ti ń lò ó, kò gba iná mànàmáná, kò sì wọ́n. A ní páálí kan níbí."

"Ó ti dé láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù méjì."

"Oṣù méjì! Kí ló wá ń ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

Ṣìkẹ́mi bojú wolẹ̀. "Wọ́n ní ká má ṣí i títí àwọn ọ̀gá yóò fi wá ṣe ìfilọ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Wọ́n ti sún ọjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀mejì."

Ìdíátù fọwọ́ gbá tábìlì débi pé àwọn tó wà ní yàrá kejì yọjú.

"Fọ́tò! Wọ́n ń fa oko mi tu, ẹ̀yin ń dúró de fọ́tò! Ṣé kí ẹ̀gẹ́ dúró kó máa retí kí ọ̀gá yín ráyè ni? Ìgbà tí ewé yìí kọ́kọ́ wé, mo fóònù síbí. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹnìkan ń bọ̀ wá wò ó. Ta lẹni yẹn? Níbo ló wà?"

"Èmi ni, mà." Ohùn Ṣìkẹ́mi ti wálẹ̀ gan-an. "Wọ́n ní kò sí mọ́tò tó máa gbé mi wá."

"Ọ̀kadà tó gbé mi wá ṣì wà lẹ́nu géètì yín!"

Ọmọbìnrin náà dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé ọ̀rá tí wọ́n fi lẹ páálí náà pa, ó kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú báàgì rẹ̀.

"Kí wọ́n fún mi ní ìwé kúérì tí wọ́n bá fẹ́," ló wí. "Mà, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Kí wọ́n tó dé Simawa, ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó tó mẹ́rìndínlógún ló ti wà lóko Ìdíátù, alága náà wà níbẹ̀, ó dijú mágbárí.

Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà, ó já ewé tuntun láti orí ẹ̀gẹ́ kan, ó fi sínú ọ̀rá kékeré tí omi oògùn díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó fi ìdí ìgò rún un títí omi náà fi dúdú bí omi ewúro. Ó mú nǹkan kan bí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ inú omi náà.

"Ẹ jẹ́ ká fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ló wí. "Tí ilà kan bá yọ, àyẹ̀wò ti ṣiṣẹ́, kò sì rí fáírọ́ọ̀sì. Tí ilà méjì bá yọ, fáírọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀gẹ́ náà. Tí ilà kankan kò bá yọ, èyí tá a lò ti bàjẹ́ nìyẹn, ká mú òmíràn."

"Kí ló ń jẹ́ fáírọ́ọ̀sì?" ni Akínbọ́lá bèèrè.

"Òun ló ń fa àrùn náà, sà. Ó kéré débi pé ojú kò lè rí i. Àwọn eṣinṣin funfun kéékèèké tó máa ń fò lábẹ́ ewé ẹ̀gẹ́ ló ń gbé e láti oko dé oko. Ṣùgbọ́n àwa gan-an la ń gbé e jìnnà jù. Tí ẹ bá gé igi lára ẹ̀gẹ́ tó ní in, tí ẹ lọ gbìn ín síbòmíràn, ẹ ti gbin àrùn náà nìyẹn."

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Ilà kan yọ. Wọ́n dúró títí àsìkò fi pé. Ilà kejì kò yọ.

Ṣìkẹ́mi já ewé lára ẹ̀gẹ́ mìíràn. Ilà kan. Ó mú nínú èyí tí wọ́n fà tu, torí ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ilà kan. Igi mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ̀ wò, nínú èyí tó ṣì dúró àti nínú òkìtì, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

"Mi ò rí fáírọ́ọ̀sì kankan nínú oko yìí," ló wí.

Ẹ má rò pé inú Ìdíátù dùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mú iṣu ẹ̀gẹ́ kan tí kò tíì tóbi ju ọwọ́ ọmọdé lọ, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Kò ní nǹkan kan! Ẹ gbọ́? Kò ní nǹkan kan! Ẹ sì ti pa á!"

Ṣìkẹ́mi rìn yí oko náà ká. Ó ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbẹ́ kan péré ni ewé ti wé, àwọn poro márùn-ún tó kọjú sí ilẹ̀ tó wà lápá ọ̀tún. Ó wo ilẹ̀ náà. Koríko ibẹ̀ ti gbẹ pátápátá.

"Ta ló fín oògùn apakoríko síbẹ̀?"

Níyì ló sọ ọ́ nígbẹ̀yìn, ó ń wo ilẹ̀. "Bàbá ni. Èmi ni mo gbé tánkì náà kọ́ ẹ̀yìn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ń gbé oògùn náà wá síbí. Mo sọ fún Bàbá pé ká dúró di ọjọ́ mìíràn."

"Pa ẹnu rẹ dé!" ni Bàbá Oyèkọ́lá jágbe mọ́ ọn.

"Kò ní pa á dé!" Ìdíátù ti dìde. "Oògùn yín ló wé ewé mi. Ẹ wá pe oògùn yín ní àrùn, ẹ kó àdá wá. Ó dáa. Ọmọ mi, ṣé ó ṣì ku irinṣẹ́ nínú báàgì rẹ?"

"Ó kù, mà."

"Jẹ́ ká kọjá sí oko Bàbá."

Bí ẹní da omi gbígbóná sí i lára ni alága ṣe fò sókè. "Oko tèmi? Ta ló ṣàìsàn lóko mi? Ṣé ẹ kò rí i bó ṣe ń dán ni?"

"Bàbá, nílé bàbá mi ní Ìjókù," ni Ìdíátù wí, "obì tó ń dán ló máa ń tan àwọn oníbàárà tuntun jẹ. Ẹ óò wò ó, kò lábùkù. Tí ẹ bá là á, kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tó mọ obì tó ń sanwó àpò kan láì la díẹ̀ wò. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ pín fún gbogbo wa ní Sátidé yìí, ẹ jẹ́ ká là á wò."

"N kò gbà!"

Akínbọ́lá ló tún sọ̀rọ̀, ẹni tó ń kó ewé sídìí iná ní òwúrọ̀. "Bàbá, igi inú oko yín ni mo fẹ́ fi gbin gbogbo ilẹ̀ mi lọ́dún yìí. Tí kò bá ní nǹkan kan, kí là ń bẹ̀rù?"

Wọ́n kọjá síbẹ̀. Lóòótọ́, oko náà dára lójú. Ṣìkẹ́mi já ewé, ó rún un, ó ti ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Ìró ọkọ̀ tó ń kọjá lórí òpópónà márosẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Ilà kan yọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ó pupa díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí ẹni tó lè sọ pé òun kò rí i.

Nínú igi mẹ́fà tó yẹ̀ wò, mẹ́rin ló yọ ilà méjì.

"Irọ́ ni nǹkan yẹn ń pa!" ni Bàbá Oyèkọ́lá wí.

"Sà, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe lójú yín," ni Ṣìkẹ́mi wí. Ó tún un ṣe. Ilà méjì náà ni. "Màá fi ewé yìí ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ńlá kó lè dá gbogbo wa lójú. Àwọn ẹ̀gẹ́ kan wà, sà, tí ara wọn le. Fáírọ́ọ̀sì á wà nínú wọn, ewé wọn á sì máa dán. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gé igi wọn gbìn sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni yóò ti fojú hàn."

Nígbà náà ni Akínbọ́lá rántí. "Ọdún tó kọjá, ẹ̀gẹ́ mi kò ta. Ọdún tó ṣáájú, kò ta. Mo rò pé ilẹ̀ mi ló ti gbó."

Ariwo sọ. Kálukú ń ka ọdún tí ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ kò ta. Níyì mú àdá rẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀gẹ́ alága, ó gé àkọ́kọ́ lulẹ̀. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀lé e.

"Ẹ dúró!" ni Ìdíátù kígbe. Ó lọ dúró níwájú àdá Níyì. "Kì í ṣe pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí o. Kò ṣe mí rárá. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi láàárọ̀ lẹ tún fẹ́ ṣe yìí. Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó mọ̀."

Ṣìkẹ́mi ní òótọ́ ni. Àrùn yìí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Wọ́n lè wa ẹ̀gẹ́ náà nígbà tó bá gbó, kí wọ́n fi ṣe gàrí, kí wọ́n jẹ ẹ́. Igi rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbìn. Tí wọ́n bá ti wa ẹ̀gẹ́ náà tán, kí wọ́n sun gbogbo igi rẹ̀.

Kò sí igi tí wọ́n pín ní Sátidé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì ilé àyẹ̀wò dé, ohun kan náà ló sọ. Nínú òkìtì tó wà lóko Ìdíátù, Ṣìkẹ́mi bá wọn ṣa igi tí oògùn kò kàn, tó ṣì tutù, tó ṣeé gbìn. Àwọn tí kò sí lóko láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fà á tu ni Ìdíátù fún. Nígbà tí Akínbọ́lá wá bèèrè, ó ní kó lọ wá tirẹ̀ níbòmíràn, kó sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbìn ín. Akínbọ́lá padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ẹgbẹ́ pa àṣẹ pé kí àwọn tó fa oko náà tu lọ kọ ebè rẹ̀ padà, wọ́n sì kọ ọ́. Bàbá Oyèkọ́lá mú ìyàwó rẹ̀ dání, ó wá tọrọ àforíjì. Ìdíátù fún wọn ní àga àti omi. Ó ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ó ti tán, torí kò tíì tán. Oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ọ̀sán kan.

Ní ti Ṣìkẹ́mi, wọ́n fún un ní kúérì lóòótọ́, ìwé pé kó wá ṣàlàyé ìdí tó fi ṣí páálí náà. Àgbẹ̀ mẹ́tàlá, Ìdíátù ló ṣíwájú wọn, wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì náà. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ka kúérì náà sí àwọn létí. Ojú ti ẹni tó kọ ọ́, kò lè kà á. Àwọn ọ̀gá fà á ya, wọ́n sì fún ẹgbẹ́ ní irinṣẹ́ tiwọn.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ má fi ojú lásán dájọ́ ẹ̀gẹ́ ẹnikẹ́ni. Ewé tó wé lè má ní àrùn, èyí tó ń dán sì lè ní in. Kí ẹ tó gé igi gbìn, tàbí kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, bó ti wù kí ẹni náà jẹ́ àgbà tó, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n má ṣe yẹ igi kan ṣoṣo wò. Kí wọ́n mú láti ibi púpọ̀ nínú oko, kí wọ́n sì fi ewé ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò bí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú. Ẹ má fín oògùn apakoríko nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́. Bí ẹ bá fóònù sí àwọn òṣìṣẹ́ agíríkì tí wọn kò dá yín lóhùn, ẹ dìde lọ bá wọn, kí ẹ sì mú ewé dání.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí irinṣẹ́ wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ ṣí páálí yẹn lónìí. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin àrùn lọ́wọ́.